Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí Ìjòyè Tọrọ Àforíjì

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 1784, ní ìlú Paris. Ẹgbẹ́ òṣèré Comédie-Française fẹ́ ṣe eré apanilẹ́rìn-ín tuntun kan fún ìgbà àkọ́kọ́ níwájú gbogbo ènìyàn. Ọjọ́ Wèrè, tàbí Ìgbéyàwó Figaro, ni orúkọ eré náà. Pierre-Augustin Caron de Beaumarchais ló kọ ọ́.

Ìtàn inú rẹ̀ kò ṣòro mú dání. Ọmọ ọ̀dọ̀ méjì, Figaro àti Suzanne, fẹ́ ṣe ìgbéyàwó lónìí. Ọ̀gá wọn, Ìjòyè Almaviva, ló nilẹ̀, òun ló nilé, òun náà sì ni adájọ́ àgbègbè. Ojú rẹ̀ ti wà lára ìyàwó náà, ó sì fẹ́ bá a pàdé ní kọ̀rọ̀ kí ọkọ tó mú un wọlé. Àárọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, òru ló parí. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé ọjọ́ méjèèjì wákàtí dé wákàtí, èyí tó kọjá ní ìgboro Paris àti èyí tó kọjá lórí ìtàgé, nítorí ohun tí olówó àti tálákà jọ jókòó wò ní alẹ́ ọjọ́ náà ṣì ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa títí di òní.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́

Ọmọ oníṣẹ́ aago ni Beaumarchais. Ọdún 1732 ni wọ́n bí i sí Paris, ọwọ́ baba rẹ̀ ló sì ti kọ́ iṣẹ́ náà. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni nígbà tó ṣe irin kékeré kan tó ń mú kí aago máa rìn déédéé, irin yìí ló sì mú un dé ààfin. Ó di ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin Ọba Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún ní háàpù. Ní 1761 ó fi owó ra oyè tó sọ ọ́ di ọlọ́lá. Ọkùnrin yìí ti gbé ìsàlẹ̀, ó ti gun òkè, ó sì mọ iye tí wọ́n ń ta àkàsọ̀.

Ní 1775 ó ti kọ́kọ́ gbé eré mìíràn jáde, Onígbàjámọ̀ Ìlú Seville. Almaviva kan náà yìí ló wà nínú rẹ̀. Ó rí ọmọ òrukàn kan tó ń jẹ́ Rosine, ìfẹ́ rẹ̀ sì wọ̀ ọ́ lára. Kò jẹ́ kí ọmọ náà mọ̀ pé ìjòyè ni òun. Ó wọ aṣọ akẹ́kọ̀ọ́ tálákà, ó ní Lindor lorúkọ òun, torí ó fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn òun láìwo owó mọ́ òun lára. Figaro, tó jẹ́ onígbàjámọ̀ nígbà náà, ló bá a ṣe alárinà tó fi rí Rosine fẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn o: ọkùnrin yìí mọ̀ nígbà kan rí pé bí oyè bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ìfẹ́ kì í wọlé.

Ẹgbẹ́ òṣèré ti gba eré kejì láti 1781, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ kò là. Ọba Louis Kẹrìndínlógún ní kí Màdámù Campan, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń ṣe ìránṣẹ́ Olorì Marie-Antoinette, ka ìwé náà sí òun àti Olorì létí. Ọba dìde tìbínú-tìbínú. Ó ní kí wọ́n tó lè ṣe irú eré yìí, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ wó ẹ̀wọ̀n Bastille lulẹ̀. Àwọn ayẹ̀wéwò mẹ́fà ló gbé ìwé náà yẹ̀ wò, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà 1783, èrò ti ń dé láti wò ó ní gbọ̀ngàn kan nígbà tí àṣẹ ọba wá pé kí wọ́n tú ká. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, Ìjòyè Vaudreuil pe àwọn òṣèré wá sí ilé rẹ̀ ní Gennevilliers, wọ́n sì ṣe é fún àbúrò ọba àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn ọlọ́lá tí eré náà ń bá wí gan-an ni wọn kò jẹ́ kí ọba sinmi. Nígbà tí ẹnu pọ̀ jù, ọba yọ̀ǹda.

Òwúrọ̀

Láti òwúrọ̀ ni èrò ti ń wọ́ lọ sí ilé tíátà ní òdìkejì odò Seine. Ilé náà kò tíì ju ọdún méjì lọ. 1782 ni wọ́n ṣí i, ó sì gba èèyàn bí 1,900. Tẹ́lẹ̀, ìdúró ni àwọn tí kò lówó fi ń wo eré nísàlẹ̀, níwájú ìtàgé. Nínú ilé tuntun yìí, wọ́n fún àwọn náà ní bẹ́ǹṣì. Ẹni tó bá fẹ́ wo eré ọmọ ọ̀dọ̀ lónìí yóò jókòó wò ó, ì báà jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀.

Aago mọ́kànlá

Ìyáàfin ọlọ́lá ti Bourbon, tó jẹ́ ìbátan ọba, rán àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ lọ dúró síbi tí wọn yóò ti ta tíkẹ́ẹ̀tì. Aago mẹ́rin ni títà yóò bẹ̀rẹ̀. Wákàtí márùn-ún gbáko ni àwọn ìránṣẹ́ náà ní láti fi dúró kí ọ̀gá wọn lè rí ibi jókòó wo eré tí ìránṣẹ́ ti borí ọ̀gá.

Aago méjì ọ̀sán

Ìyàwó Ìjòyè d'Ossun dé. Àwọn tí kì í yà fún ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà ti kún ibẹ̀ bámúbámú. Obìnrin tí kì í bẹ èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun kọjá. Màdámù de Talleyrand, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé kì í fẹ́ náwó, san ìlọ́po mẹ́ta fún yàrá ìwòran kan.

Nínú ilé, àwọn ọlọ́lá tó ti rọ́nà wọlé há sí yàrá ìmúra àwọn òṣèré, ibẹ̀ ni wọ́n ti jẹun. Ẹ wo èyí dáadáa. Ní Faransé ìgbà náà, ìjọ Kátólíìkì ti yọ òṣèré lẹ́gbẹ́. Bí òṣèré bá kú láìkọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kò sí ìsìnkú Kristẹni fún un. Títí di òpin 1789, wọn kò kà á sí ọmọ ìlú tó ní ẹ̀tọ́ kíkún. Molé, tí yóò wọ ẹ̀wù Ìjòyè Almaviva ní alẹ́ yìí, kò ní ẹ̀tọ́ tó ìránṣẹ́ tó ń tún bàtà ìjòyè gidi ṣe. Síbẹ̀, inú yàrá irú àwọn wọ̀nyí ni àwọn ọmọ ilé ńlá fún ara wọn mọ́ bí ẹja inú agolo, tí wọ́n sì ń dúpẹ́ pé àwọn ráyè.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́

Àwọn ẹ̀ṣọ́ kò lè dá èrò dúró mọ́. Ilẹ̀kùn fọ́, irin ojú ọ̀nà ya. Ẹni tó so ribọ́n búlúù mọ́ àyà, tí í ṣe àmì oyè tó ga jù ní ilẹ̀ náà, àti alágbàṣe tó ń gbálẹ̀ òpópónà jọ ń fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara wọn. Nígbà tí Suffren, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Íńdíà dé, wọlé, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún un.

Beaumarchais ti wà ní ìjókòó, nínú yàrá ìwòran tí wọ́n fi irin ṣe ojú rẹ̀ kí èrò má bàa rí i. Àlùfáà méjì ló mú tọwọ́. Ó ní bí eré náà bá fẹ́ pa òun, kí àwọn tí yóò gbàdúrà fún òun má jìnnà.

Aago márùn-ún ààbọ̀: àárọ̀ lórí ìtàgé

Aṣọ ìtàgé ká. Ìrọ̀lẹ́ ni nínú gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n àárọ̀ ni ní ilé ńlá Aguas-Frescas nítòsí Seville, ní ilẹ̀ Sípéènì. Yàrá kan ni, ẹrù inú rẹ̀ kò pé, àga ńlá kan wà láàárín. Dazincourt, tó ń ṣe Figaro, mú ọ̀pá ìwọ̀n dání, ó ń wọn ilẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà 19 sí 26. Ó ń wo ibi tí bẹ́ẹ̀dì tí ọ̀gá fún wọn yóò gbà. Louise Contat, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, tó ń ṣe Suzanne, dúró níwájú dígí, ó ń wo òdòdó ọsàn tí ìyàwó máa ń fi sórí.

Inú ọkọ dùn sí yàrá náà. Ó súnmọ́ yàrá ọ̀gá, ó súnmọ́ ti ìyàwó ọ̀gá, bí wọ́n bá pe ẹnikẹ́ni yóò tètè dé. Suzanne ní òun kò fẹ́ ẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í là á fún un bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní ìṣirò. Bí ọ̀gá bá rán Figaro ní iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ìṣísẹ̀ mélòó ni ọ̀gá fúnra rẹ̀ yóò gbé kó tó kan ilẹ̀kùn yìí? Ọ̀pá ìwọ̀n rọ̀ lọ́wọ́ Figaro. Ẹ̀bùn ni bẹ́ẹ̀dì náà, inú ẹ̀bùn náà ni ọdẹ kẹ́ pàkúté sí.

Àwọn Yorùbá mọ ohun tí à ń pè ní ìgbẹ́sẹ̀lé. Bí ọba bá ti gbẹ́sẹ̀ lé obìnrin, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu ẹlòmíràn. Nínú eré yìí, ẹ̀tọ́ kan wà láyé àtijọ́ tó fi ìyàwó tuntun ìránṣẹ́ sọ́wọ́ olúwa ilẹ̀ ní alẹ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí Almaviva ń fẹ́ Rosine, tí ìfẹ́ ṣì gbóná, ó pa ẹ̀tọ́ náà rẹ́ níwájú gbogbo ará ilé. Ní báyìí ó ń kábàámọ̀. Ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nù ní gbangba, owó ló fẹ́ fi rà á padà ní kọ̀rọ̀: bí Suzanne bá gbà láti pàdé òun, òun yóò fún un ní owó ìgbéyàwó.

Beaumarchais kò fẹ́ kí ẹni tó ń ṣe Almaviva hùwà bí òǹrorò. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn òṣèré pé bí ọkàn ìjòyè náà tilẹ̀ bàjẹ́, ìwà ọmọlúàbí gbọ́dọ̀ wà lójú rẹ̀ síbẹ̀. Molé sì ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń sọ̀rọ̀ tútù, tó ń ta ọrẹ, òun ni ọmọbìnrin kì í mọ bí òun yóò ṣe sọ pé rárá fún.

Ọ̀sán lórí ìtàgé

Apá kejì gbé wa wọ yàrá ìyàwó ìjòyè. Mademoiselle Sainval, tí àwọn ènìyàn mọ̀ mọ́ eré ẹlẹ́kún, ló ń ṣe Rosine. Suzanne ti wá jókòó tì í, ó ti sọ gbogbo ohun tí ọkọ rẹ̀ ń wá.

Èmi gbà pé ibí yìí ni ọkàn eré náà wà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ibẹ̀ ni ìyà Suzanne ìbá ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó ilé yóò ní ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń fa ojú ọkọ òun mọ́ra, yóò kó ẹrù rẹ̀ síta, ọkọ yóò sì jókòó sí pálọ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Rosine kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gba ọmọbìnrin náà gbọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: Suzanne kò ní àṣẹ, Rosine kò ní bí yóò ṣe mọ ohun tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn méjèèjì pa ọgbọ́n pọ̀.

Chérubin wọlé, ọmọkùnrin tí kò tíì hu irùngbọ̀n, tí ìfẹ́ Rosine ti gbé lọ́kàn lọ. Ọmọbìnrin ló ń ṣe é, torí Beaumarchais ní ọ̀dọ́bìnrin arẹwà nìkan ló lè ṣe é bó ti yẹ. Wọ́n fẹ́ wọ aṣọ obìnrin fún un kí wọ́n lè fi tan ìjòyè. Ìjòyè kan ilẹ̀kùn. Ọmọ sá sínú yàrá kékeré. Ìjòyè fura, ó jáde lọ wá irinṣẹ́ tí yóò fi já ilẹ̀kùn. Chérubin bẹ́ lójú fèrèsé, Suzanne bọ́ sí ipò rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ìránṣẹ́bìnrin ló jáde, ojú sì ti ìjòyè. Ọkùnrin tó ń lé ìyàwó ẹlòmíràn kiri láti àárọ̀ ni owú fẹ́ pa lórí tirẹ̀. Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ tó wà níbẹ̀ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ìjókòó ẹjọ́

Ní apá kẹta, ìjòyè jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ gba ìyàwó rẹ̀. Marceline, obìnrin àgbà kan, mú ìwé wá pé Figaro jẹ òun ní 2,000 owó fàdákà, àti pé ó ti ṣèlérí láti san án tàbí kó fẹ́ òun. Préville, tó ṣe Figaro ní 1775, ti ń darúgbó, torí náà ó fi ipò náà sílẹ̀ fún Dazincourt, ó sì gba ti adájọ́ akólòlò tó jókòó ti ìjòyè. Ìjòyè dájọ́ tayọ̀tayọ̀: kí Figaro san owó náà tàbí kó fẹ́ ìyá àgbà lónìí.

Figaro ní ọmọ tí wọ́n jí gbé ni òun, òun kò lè gbéyàwó láìsí àṣẹ àwọn òbí òun. Ó fi àmì tó wà ní apá rẹ̀ hàn. Marceline kígbe: ọmọ òun ni! Dókítà kan tó ń jẹ́ Bartholo sì ni baba. Ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní ọmọ àìmọ̀dí rí ìyá ní ilé ẹjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ fi í ṣe ọkọ ìyá náà.

Marceline ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ níbẹ̀, nípa bí àwọn ọkùnrin tó lówó ṣe ń ba ayé ọmọbìnrin tálákà jẹ́ nígbà èwe rẹ̀, tí àwọn kan náà yóò tún jókòó dájọ́ fún un bó bá dàgbà. Àwọn èrò ọjọ́ yẹn kò gbọ́ ọ tán. Àwọn òṣèré ti bẹ Beaumarchais kó gé e kúrò, wọ́n ní ó le jù fún eré ẹ̀rín. Nígbà tí wọ́n tẹ ìwé náà ní 1785, ó dá ọ̀rọ̀ náà padà sínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Ó ṣe ohun tó tọ́.

Ìgbéyàwó

Ilẹ̀ ti ń ṣú lórí ìtàgé. Ní apá kẹrin, Rosine sọ lẹ́tà, Suzanne kọ ọ́: ìpàdé lábẹ́ igi lóru. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi dè é, kí ìjòyè dá abẹ́rẹ́ náà padà bó bá gbà. Níbi ayẹyẹ, Suzanne kúnlẹ̀, ìjòyè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé adé ìyàwó lé e lórí, Suzanne sì ti ìwé náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ gún ìjòyè níka. Figaro rí i, ó sì rẹ́rìn-ín, láìmọ̀ pé ọwọ́ ìyàwó òun ni ìwé náà ti wá.

Òru lábẹ́ igi

Apá karùn-ún ṣókùnkùn. Figaro ti gbọ́ nípa ìpàdé náà, wọn kò sì jẹ́ kó mọ̀ pé ọgbọ́n ni. Ó dá nìkan jókòó lábẹ́ igi, ó sì sọ ọ̀rọ̀ gígùn tí ọba kò fẹ́ gbọ́. Ó bi ara rẹ̀ ohun tí ìjòyè ṣe tí oyè, owó àti ipò fi tọ́ sí i, nígbà tí òun ti fi ọgbọ́n àti òógùn wá oúnjẹ láti kékeré. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́: bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ. Dazincourt sọ ọ́ níwájú àwọn tó wọ ribọ́n búlúù, kò sì sẹ́ni tó dìde jáde.

Rosine ti wọ aṣọ Suzanne, Suzanne ti wọ aṣọ Rosine. Ìjòyè dé nínú òkùnkùn, ó di ọwọ́ ìyàwó ara rẹ̀ mú, ó ń yìn ín pé irú awọ ara báyìí kò sí lára ìyàwó òun. Ó fún un ní owó wúrà àti òrùka dáyámọ́ǹdì. Níbìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́, Figaro mọ ohùn Suzanne lábẹ́ aṣọ ọ̀gá. Ó díbọ́n bí ẹni ń fẹ́ ìyàwó ìjòyè, Suzanne sì gbá a létí. Ìgbátí yẹn dùn mọ́ ọn, torí ó fi hàn pé tirẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀.

Ìjòyè rò pé ìyàwó òun ni òun ká mọ́ Figaro lọ́wọ́. Ó pe iná, ó pe àwọn ìránṣẹ́, kí gbogbo ayé wá wò ó. Gbogbo wọn kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní rárá, ó ní òun kò ní dárí jì í. Nígbà náà ni Rosine gidi jáde láti apá kejì nínú aṣọ ìránṣẹ́, ó sì kúnlẹ̀ kún wọn. Ohùn ìjòyè yí padà. Adájọ́ òwúrọ̀ di ẹlẹ́bẹ̀ òru, ó tọrọ àforíjì níwájú àwọn tó ń tún bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ṣe. Rosine rẹ́rìn-ín, ó sì dárí jì í, ẹ̀ẹ̀kẹta lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ rántí Lindor. Nígbà èwe, Almaviva bọ́ aṣọ ọlá kó tó rí ìfẹ́. Ní òru yìí, ìyàwó rẹ̀ ló bọ́ aṣọ ọlá kó tó tún rí ọkọ rẹ̀ he. Nínú eré méjèèjì, aṣọ ọlá kò bá ìfẹ́ dé ibi tó ń lọ.

Aago mẹ́wàá alẹ́

Eré parí. Wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Àtẹ́wọ́ kò dáwọ́ dúró. Wọn yóò ṣe é ní ìgbà 68 léraléra, iye tí eré kankan kò dé ní tíátà náà rí. Ní oṣù Kẹta 1785, ọba fi Beaumarchais sí ẹ̀wọ̀n Saint-Lazare fún ọjọ́ mélòó kan. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, Marie-Antoinette fúnra rẹ̀ ṣe Rosine nínú Onígbàjámọ̀ ní ilé ìṣeré rẹ̀ ní Trianon. Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún 1786, Mozart àti Lorenzo Da Ponte gbé Figaro jáde ní Vienna pẹ̀lú orin, wọn kò sì tíì dákẹ́ orin náà títí di òní.

Ọba ti ní kí wọ́n kọ́kọ́ wó Bastille ná. Ọjọ́ 14 oṣù Keje 1789 ni ọwọ́ àwọn ará ìlú tẹ̀ ẹ́, ọ̀sẹ̀ 272 géérégé lẹ́yìn alẹ́ yẹn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ náà pẹ̀lú.

Ìwọ tí o ní ọmọ ọ̀dọ̀ nílé, tàbí tí o ní òṣìṣẹ́bìnrin lábẹ́ rẹ ní ọ́fíìsì, wo bẹ́ẹ̀dì tí o fi tọrẹ. Bí ọmọbìnrin náà kò bá lè sọ pé rárá kó sì jí sí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́la, má pe ohun tí o ń wá ní ìfẹ́. Ìwọ ìyàwó ilé tí ọmọ náà bá sì sá tọ̀ wá, gbà á gbọ́.